Ibi Kan Náà Ni Okùn Bẹ́ẹ̀sì Wa Ti Máa Ń Já

Okùn G gìtá bẹ́ẹ̀sì wa, èyí tó tín-ín-rín jù nínú okùn rẹ̀ mẹ́rin (E, A, D àti G), ló ń yọ wá lẹ́nu nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí a bá ra tuntun, kì í pẹ́ já, àfi bíi pé ó máa ń dúró de ìgbà tí orin ìyìn bá gbóná. Ọ̀rọ̀ wá di ta ló jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń ta á ló le. Ọmọ náà ní ayédèrú okùn ni wọ́n ń rà fún òun. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí a fi àdúrà sí i. Mi ò lòdì sí àdúrà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ irin wò. Mọ́mì tó ń darí akọrin kò bá ẹnikẹ́ni jà ní tiwọn. Owó tó ń jáde lápò ẹgbẹ́ ló ń dùn wọ́n. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n gbé gìtá náà wá bá mi, torí pé ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń ta bẹ́ẹ̀sì.

Kí n tó fọwọ́ kan gìtá rárá, mo ní kí wọ́n wá okùn tó ti já fún mi. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń jù ú sí pàǹtí lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹlẹ́rìí. Orí ṣe wá, méjì ṣì wà nínú báàgì gìtá náà.

Okùn bẹ́ẹ̀sì kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Wáyà irin líle kan wà láàárín rẹ̀, wọ́n wá fi wáyà mìíràn wé e yíká. Wáyà òde yìí lè jẹ́ irin tí wọ́n fi nickel bò, tàbí irin tí kì í tètè dógùn-ún. Wáyà àárín ló ń ru gbogbo ìfà. Iṣẹ́ ti òde ni pé kí okùn wúwo, kí ohùn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dáadáa. Bí nǹkan bá ti gé wáyà àárín, ó parí. Ibi tó ti gé ni kí a wò. Bó bá já lórí saddle, níbi tí okùn ti jókòó lórí bridge (irin tó di ìdí okùn mú lára gìtá), saddle ni kí a mú. Bó bá já ní nut, ibi tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn gìtá, tàbí lára òpó kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fà á, ibẹ̀ ni kí a lọ. Bó bá sì jẹ́ láàárín gbùngbùn ló ti já, a lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọwọ́ àti fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ní ìbéèrè.

Mo tẹ́ okùn méjèèjì sórí tábìlì, mo to ìdí wọn dọ́gba. Ibi tí wọ́n ti já bára mu, ọ̀kan kò fi ìbú èékánná gùn ju èkejì lọ. Mo fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ra. Wáyà òde ti tú síta, ẹ̀gbẹ́ kan wáyà àárín sì ń dán níbi tí nǹkan ti ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan padà sí bridge, orí saddle gan-an ni ibi tó já bọ́ sí. Ọwọ́ ọmọ yẹn kì í dé ibẹ̀.

Ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo ní kó fara balẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù, ẹjọ́ tirẹ̀ náà sì ṣì ń bọ̀.

Mo dẹ okùn G sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n tó yọ ọ́. Mo fi àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀, nítorí ìfà wọn ló ń mú kí ọrùn gìtá dúró bó ṣe yẹ. Bí èèyàn bá yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa tún ọrùn náà tò lẹ́yìn náà láìnídìí. Mo wá já òwú díẹ̀ lára èyí tí a rà ní kẹ́míìsì, mo fà á kọjá lórí saddle síwá sẹ́yìn, ní ìtọ́sọ́nà tí okùn ń gbà. Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo fà á gba ẹ̀gbẹ́ iwájú, ojú ibẹ̀ gbá a mú, fọ́nrán òwú funfun sì kù síbẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn. Ojú kò rí etí irin tó yọ yẹn, ìka pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òwú mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta okùn náà ló ń gbọ̀n lórí etí yìí, tí etí náà sì ń rẹ́ ẹ. Mo dẹ D náà díẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yẹ tirẹ̀ wò: òwú kọ́ níbẹ̀ díẹ̀. A àti E mọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ, mo fi téèpù bo pickup, ohun tó ń gbé ìró okùn lọ sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fo èyí yóò kábàámọ̀, torí pé mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú pickup, bí saddle bá sì jẹ́ irin, gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ ló máa lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gé sáńpépà olójú 600 tẹ́ẹ́rẹ́, mo wé e mọ́ àjákù okùn G náà, mo sì ń fà á síwá sẹ́yìn nínú ihò saddle ní ìtọ́sọ́nà okùn, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí etí rẹ̀ di roboto ni mo ń wá. Mi ò fẹ́ kí ihò jìn, torí bó bá jìn, okùn á lọ sílẹ̀, á sì máa há lórí fret. Lẹ́yìn náà ni mo lo 1000, mo wá fi 1500 dán an. Mo tún fa òwú kọjá, ó sì kọjá láìkọ́. Bí mo ṣe ṣe ti D náà nìyẹn, kò gba àkókò.

Mo rántí nut. Kò sí okùn tó já síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe ń fa D sókè padà ni mo gbọ́ "tín!" láti orí gìtá. Ohùn yẹn ń sọ pé ihò nut há okùn mọ́lẹ̀: a ń yí kọ́kọ́rọ́, okùn kò rìn, ìfà ń kó jọ sí apá kan, ó wá fò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi orí pẹ́ńsù kun ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí dúdú inú pẹ́ńsù ń mú kí irin yọ̀. Ó tó.

Ibi tí ẹjọ́ ọmọ náà wà nìyí. Nígbà tí mo yẹ bí ó ṣe tún gìtá náà wò, E rẹ̀ wà ní F, gbogbo yòókù sì ga sókè ní half-step, ìyẹn ìwọ̀n fret kan. Mo bi í pé kí ló dé.

"F sharp ni Mọ́mì fẹ́ràn, sà. Bí mo bá fà á sókè, ọwọ́ mi á wà níbi tó ti mọ́ ọn lára, bíi pé F ni mò ń ta."

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Kíbọ́ọ̀dù ló bà wá jẹ́, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kàn ń tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, ni, ó sì ti dé F sharp. Okùn kò ní transpose. Bí a bá fa ohùn okùn sókè, ìfà rẹ̀ kì í lọ sókè ní ìwọ̀n kan náà. Bí ohùn bá di ìlọ́po méjì, ìfà á di ìlọ́po mẹ́rin. Half-step kan péré ń fi nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 kún ẹrù tí okùn ń gbé. Bó bá wá jẹ́ tóònù kan odindi (half-step méjì), ó ti lé ní ìdá 25. Ìdá 12 nìkan kò lè já okùn tó dára, ṣùgbọ́n fi í kún saddle tó ń gé, kí o sì fi òógùn kún un, ohun tó ń bọ̀ kò ní yà ọ́ lẹ́nu. Mo fi ìka rẹ̀ sí fret kejì lórí okùn E, mo ní, "F sharp rèé, ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀wá." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń kùn, àmọ́ ó ti ń ta á níbẹ̀.

Fífi okùn tuntun sí i ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo fi ìdí rẹ̀ sínú bridge, mo fà á gùn dé òpó kọ́kọ́rọ́ G, mo fi bí ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún kún un, mo ṣẹ́ ẹ síbẹ̀ kí n tó gé e. Ẹ má gé okùn kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ibi tí a ṣẹ́ náà ló ń di wáyà òde mú kó má bàa tú mọ́ wáyà àárín lára. Bó bá tú, okùn náà ti kú láì tíì dún, bí kò tilẹ̀ já. Mo ki ẹnu rẹ̀ sínú ihò òpó, mo wé e lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀mẹta wálẹ̀, ìkan kò gun ìkan lórí.

Tí ẹ bá ń fi tuner orí fóònù fà á, ẹ ṣọ́ra. Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi hàn, wọn kì í sọ bóyá G ti ìsàlẹ̀ ni tàbí ti òkè. Mo ti rí ẹni tó kọjá G gidi láìmọ̀, tó ń fà á lọ sí G kejì. Ẹ tẹ fret karùn-ún lórí okùn D tó ti bọ́ sípò, kí ẹ fi etí bá G òfìfo dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí tuner tó ju ìyẹn lọ.

Ó ku òógùn. Bí iná bá lọ lálẹ́ ìṣọ́ òru, tí fáànù dúró, ẹ̀yin tó ń ta gìtá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ wa. Iyọ̀ inú òógùn ń wọ àárín wáyà òde, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó gbẹ ti tó: kí ẹ nu okùn lókè, kí ẹ sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ tó ti gìtá bọ báàgì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi spírítì díẹ̀ sára aṣọ náà, ṣùgbọ́n kó má kán sára ọ̀dà gìtá.

Àwọn kan máa ń se okùn lórí iná kó lè tún máa dún bíi tuntun. Èmi náà ti jẹ àǹfààní rẹ̀ nígbà tí owó kò sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, torí ọ̀rá àti ìdọ̀tí á jáde. Àmọ́ omi ń kù sínú rẹ̀, a sì ní láti tú ibi tí a ṣẹ́ sí òpó, kí a tún ṣẹ́ ẹ padà. Irin tí a ń ṣẹ́ síwá sẹ́yìn níbi kan kì í pẹ́ kán. Bí okùn yín bá ń já lára òpó lẹ́yìn tí ẹ sè é, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ kò bá fẹ́ ohùn tó ń dán, flatwound, okùn tí wáyà òde rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, á sìn yín pẹ́. Wọ́n máa ń sọ nípa James Jamerson, ọkùnrin tó ta bẹ́ẹ̀sì fún ilé iṣẹ́ orin Motown ní Amẹ́ríkà, pé kì í pààrọ̀ tirẹ̀ àfi bó bá já.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ títí mo fi lọ bá wọn ṣe rehearsal. Ẹ̀yìn ìlù ni amp bẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá náà jáde, wà, ó kọjú sí ìjọ, ọmọ náà kò gbọ́ ara rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tó ń ta á máa ta á le ni, á sì máa fi ìka já okùn G sókè bíi ti àwọn tó ń ta slap. Nítorí náà àwọn àgbà náà kò purọ́ tán. Mo gbé amp náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kọ ojú amp náà sí etí rẹ̀. Nínú orin kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bá a wí.

Okùn G tí mo fi sí i nígbà náà ṣì wà lórí gìtá, dídán rẹ̀ ti lọ, kò já. Síbẹ̀ mo ní kí wọ́n ra G kan pamọ́ sínú báàgì. Bó bá sì já láàárín orin, kí ó má dúró: ohunkóhun tó ń ta lórí G wà lórí D, kó kàn sún sókè ní fret márùn-ún. Kí ó fi àjákù náà sílẹ̀ títí orin á fi parí, torí ẹnu wáyà yẹn mú, ó sì ń gún ọwọ́ bí èèyàn bá ń sáré yọ ọ́.