Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya fíìmù, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹ má tíì fi ra kámẹ́rà. Fóònù ọwọ́ yín tó ó bẹ̀rẹ̀, máìkì ni kẹ́ ẹ lọ rà. Àwòrán lè ṣókùnkùn díẹ̀ káwọn èèyàn ṣì máa wò ó, wọ́n á ní bóyá bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ ni, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá ti gbọ́ nǹkan tí òṣèré ń sọ, wọ́n á pa á tì ni, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Máìkì yẹn ò ní kó jẹ́ olówó gọbọi o, ibi tẹ́ ẹ gbé e sí ló ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì sún un jìnnà sí ẹnu, ohùn á fi bíi 6 dB lọ sílẹ̀ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), àmọ́ ariwo inú yàrá ò ní bá a lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí máìkì orí kámẹ́rà fi máa ń mú kó dà bíi pé inú kànga lèèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi máìkì kékeré há àyà òṣèré, abẹ́ àgbọ̀n níbẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹnì kan fi igi gbé e sókè orí wọn níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i. Kò sí máìkì rárá? Ẹ fi fóònù kejì pamọ́ sẹ́yìn nǹkan lórí tábìlì iwájú òṣèré kó máa gba ohùn lọ. Kẹ́nì kan pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí ọwọ́ ti pàdé nínú àwòrán àti ibi tó ti dún nínú ohùn lẹ máa fi so méjèèjì pọ̀ tẹ́ ẹ bá dé ìdí ẹ́díìtì. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ti pariwo jù máa kan nǹkan bíi -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn inú ápù tẹ́ ẹ fi ń gbà á, torí tó bá lè kan 0 tó jẹ́ òpin rẹ̀ báyìí ó ti fọ́ nìyẹn, kò sí ápù tó máa tún un ṣe dáadáa.

Yàrá náà ńkọ́? Kí gbogbo yín dákẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i ná. Ẹ pa fánù, ẹ pa fíríìjì, kẹ́ ẹ sì ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tàbí ti ilé yín sínú fíríìjì yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń gba ohùn máa ń ṣe é dáadáa, ẹ ò ní lè lọ láìrántí tàn án padà. Tí ògiri bá ń dá ohùn padà, ẹ ta aṣọ ìbora sí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ohùn yàrá náà fún 30 ìṣẹ́jú àáyá láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òun lẹ máa fi dí gbogbo ihò tẹ́ ẹ bá gé nǹkan kúrò.

Ti àwòrán ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ nu ojú kámẹ́rà, ẹ tan airplane mode kí ìpè má wọlé, kẹ́ ẹ sì ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì pa síbi kan kó má máa yí padà fúnra ẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 Hz (ìyẹn iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ lo shutter 1/50, ìyẹn bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan ṣe gùn tó, tó bá jẹ́ 60 Hz ẹ lo 1/60, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gílóòbù lè máa ṣẹ́jú nínú fíìmù yín. Òṣèré ò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn sí fèrèsé o, àfi tó bá jẹ́ òjìji lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Téèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fojú inú fa ìlà kan láàárín wọn kí kámẹ́rà má kọjá sí òdìkejì, torí tó bá kọjá ó máa dà bíi pé apá kan náà làwọn méjèèjì kọjú sí.

Ojú ewé ìtàn kan tẹ́ ẹ kọ máa ń tó ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù, nítorí náà ojú ewé márùn-ún ti pọ̀ tó fún ti àkọ́kọ́, ẹ fi ti wákàtí méjì yẹn sílẹ̀ ná.

Kí òṣèré kankan tó bọ́ aṣọ eré, ẹ ki earpiece sí etí kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó o sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù.