Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Doppler Wọn Ìfúnpá Ẹsẹ̀

Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ènìyàn nígbà tí ó bá rìn díẹ̀, tí ìrora náà sì ń lọ bí ó bá dúró, ó lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ọkàn wá sí ẹsẹ̀ ti ń dí. Ẹ̀rọ Doppler kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú lè fi èyí hàn láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ó ń rán sínú ara. Bí ìró náà bá kan ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, èyí tí ó padà bọ̀ yóò yàtọ̀ sí èyí tí ó lọ, ìyàtọ̀ náà ni ẹ̀rọ sì ń sọ di ohùn. (Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni Christian Doppler ń wá ìdí rẹ̀ ní ọdún 1842 tí ó fi ṣàlàyé òfin yìí.)

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn dùbúlẹ̀ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ wé aṣọ ìfúnpá (èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) mọ́ apá rẹ̀, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí ibi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti ń lù ní ìgúnpá, kí ẹ sì dẹ ẹnu ẹ̀rọ náà sí i ní ìdagun, bí ìwọ̀n dígírì 45 sí 60. Bí ẹ bá nà án ró ṣánṣán, ẹ̀jẹ̀ kò ní máa bọ̀ wá bá a, kò sì ní máa sá fún un, nítorí náà ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, pàápàá ní ẹsẹ̀, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín dí òpó náà.

Bí ohùn bá ti já geere, ẹ fẹ́ aṣọ náà títí ohùn yóò fi pa, ẹ fi 20 kún iye tí òṣùwọ̀n rẹ̀ fi hàn (mmHg ni a fi ń ka ìfúnpá), kí ẹ wá máa tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iye tí ohùn ti kọ́kọ́ padà ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Apá kejì ló kàn, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ méjèèjì: ẹ wé aṣọ náà sókè kókósẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú àti ní orí ẹsẹ̀.

Ẹ fi iye tí ó ga jù ní apá pín èyí tí ó ga jù ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ 108, tí apá jẹ́ 135, 0.80 ni, 0.90 sísàlẹ̀ sì túmọ̀ sí pé òpó ti ń dí. 1.00 sí 1.40 dára. Bí ó bá kọjá 1.40, ẹ má tíì yọ̀, nítorí àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín a máa mú òpó ẹ̀jẹ̀ le débi tí aṣọ kò fi ní lè fún un pa. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.