Bí Àdúgbò Ṣe Ń Ro Ẹjọ́ Rẹ̀ Nígbà Tí Iṣẹ́ Ìkọ́lé Ńlá Bá Dé Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀

Kò sí apá ibi tí Òṣogbo ò fẹ̀ dé mọ́. Ẹni tó ti ń gbé ilé rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ á kàn jí láàárọ̀, á rí katapílà nínú oko tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì rẹ̀. Inú á bí gbogbo àdúgbò, wọ́n á kọ lẹ́tà tó kún fún èébú, lẹ́tà náà á sì wà níbi tí wọ́n bá jù ú sí. Ẹ̀rí tí ẹ bá kó jọ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ ló máa gbèjà yín.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ àti bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá káńsù Òṣogbo ló ni ilẹ̀ náà tàbí ti Ọlọ́runda, torí mo ti rí àwọn tó gbé ìwé lọ sí káńsù tí kò kàn. Tí wọn ò bá fẹ́ dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ 7 ni òfin yẹn fún wọn láti fèsì. Òfin ètò ìlú ti 1992 ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 lọ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká. Tí pílọ́ọ̀tì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, hẹ́kítà 2 á tó bíi pílọ́ọ̀tì 43. Tó bá wá tó hẹ́kítà 50, ó ti di dandan kí wọ́n ṣe EIA, ìyẹn àyẹ̀wò kíkún lórí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká.

Omi ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń bà á jẹ́. Òjò tí igbó ń fà mu tẹ́lẹ̀ á máa ṣàn lórí kọnkéré, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí omi wọ pálọ̀ yín lẹ́yìn tí wọ́n kọ́lé tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya fótò, kọngílá á ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi já a nírọ́?

Nítorí náà, tí òjò ńlá bá ti dá, ẹ jáde kí ẹrẹ̀ ara ògiri tó gbẹ. Ẹ fa ìlà síbi tí omi dé gan-an, kí ẹ kọ déètì sí i. Ṣọ́ọ̀kì ò dáa, òjò tó ń bọ̀ á fọ̀ ọ́ lọ. Ìsàlẹ̀ agolo péǹtì olóròóró tó ṣẹ́kù nílé ni mo máa ń lò. Ẹ fi tépù onírin ti kápẹ́ńtà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ẹ má lo ti télọ̀, ó ń fà. Bí kò bá sí tépù, ẹ gé igi tó ṣe déédéé ìlà náà, kí ẹ lọ fi rúlà wọ̀n ọ́n nílé. Fótò méjì lẹ máa yà: ọ̀kan súnmọ́ ìlà, èkejì láti ọ̀ọ́kán kí òpó iná tàbí ilé tó wà níbẹ̀ lè hàn. Ojú kan náà lẹ máa wọ̀n títí òjò ọdún á fi kásẹ̀ ńlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ìlà síbi tí omi ò dé. Tí wọ́n bá ká irọ́ kan mọ́ yín lọ́wọ́, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo fótò wà nínú fóònù ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde, kí èèyàn mẹ́ta máa tọ́jú wọn.

Ògiri tó ti là náà ń fẹ́ ẹ̀rí, pàápàá ilé alámọ̀. Ẹ gé gíláàsì fèrèsé pẹlẹbẹ tó gùn bí ìka, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri, kí ó dábùú ojú ibi tó là. Bí ògiri bá sún díẹ̀, gíláàsì á kán. POP fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà á ṣe é. Ẹ kọ déètì sí ìyẹn náà.

Ẹ wá gba orúkọ àti ìbúwọ́lùwé, ti ayálégbé pẹ̀lú ti onílé. Ẹ má so ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ ní ìpàdé mọ́ lẹ́tà. Ẹni tó wá sí ìpàdé ò tíì sọ pé òun fara mọ́ ọn.

Ojú ewé kan ti tó fún lẹ́tà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ibi tí ẹ ti rí i, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ má kọ pé ẹnì kan gba rìbá. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín pẹ̀lú déètì. Bí kò bá ní òǹtẹ̀, lójú tèmi, ẹ ò tíì fi lẹ́tà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé EIA ni wọ́n gbé síta, ọjọ́ iṣẹ́ 21 péré ni aráàlú ní láti sọ tẹnu wọn, nítorí náà ẹ lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Tí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé, tí kọngílá sì ní òun máa ṣe gọ́tà, ẹ béèrè bó ṣe máa fẹ̀ tó, bó ṣe máa jìn tó àti ibi tó máa já sí. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kí ẹ tó dìde.