Létà kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n ra táǹkì reverb lẹ́ẹ̀mejì

Táǹkì reverb méjì ni mo rà fún amp kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Àpótí irin tí sípíríǹgì wà nínú ẹ̀ ni táǹkì yìí, òun ló ń jẹ́ kí gìtá máa dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá; dídún yẹn ni reverb. Amẹ́ríkà ni méjèèjì ti wá, owó tí wọ́n fi gbé e dé Ìbàdàn sì ju owó táǹkì fúnra ẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Fender Twin Reverb ni amp mi, tòkunbọ̀ ni. A lọ ṣeré lóde kan lálẹ́ Sátidé, àfi bí reverb ṣe lọ, gìtá wá gbẹ bíi pánlá. Ẹni tó bá ń ta gìtá jùjú á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo gbé e fún ẹnjiníà, ó ní túùbù ló kú, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó gba ₦40,000, reverb ò dáhùn. Mo padà lọ, ó ní, "Ọ̀gá mi, tiransifọ́mà ló kù báyìí o." Mo gbé amp mi, mo bá tèmi lọ.

Àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ló yá mi ní mítà. A yọ táǹkì (inú àpò dúdú ló wà nísàlẹ̀ amp, wáyà méjì péré lẹ máa fà yọ). Ibi tí ohùn ń gbà wọlé ka nǹkan bí 1 ohm (òun ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó), ìyẹn dáa. Ibi tó ń gbà jáde yẹ kó ka bíi 200, mítà ò mira rárá, ìyẹn ni pé wáyà ti já níbì kan. Ẹ ẹ̀ rí i bí inú mi ṣe dùn tó, èmi tí mi ò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà rí, mo rí ohun tí ọ̀gá ò rí!

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣe àṣejù. Mo fi tépù wọn táǹkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìnṣì 17, mo lọ ra èyí tó gùn bẹ́ẹ̀ tí ojú ẹ̀ sì jọra. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tó dé. Mo so ó mọ́ amp, mo ta okùn kan, reverb wá ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga ẹlòmíì. Mo yí i dé 10, ibẹ̀ náà ló wà. Mo pààrọ̀ wáyà, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá amp, sípíríǹgì bú gbàà bí àrá, tó túmọ̀ sí pé táǹkì ò kú. Mo ti bú ẹni tó tà á fún mi tán, mo pè é ní gbájúẹ̀, kí n tó wo nǹkan tí wọ́n tẹ̀ sára táǹkì àtijọ́: 4AB3C1B. Tuntun ńkọ́? 4EB3C1B.

Létà tó tẹ̀ lé 4 yẹn ló pa mí. A túmọ̀ sí 8 ohm níbi tí ohùn ń gbà wọlé (tí ohùn bá ń kọjá ni o, mítà lásán á ka bíi 1), torí Twin ní tiransifọ́mà kékeré kan tó ń ti táǹkì bí ẹni ń ti sípíkà. E jẹ́ 600, amp tó ń fi chip tì í dípò tiransifọ́mà ni tiẹ̀. 4 ló ń sọ pé ó gùn, B tó kẹ́yìn ń sọ pé kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, èmi sì ti rò pé nọ́ńbà ọjà lásán ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn, ẹ má fi tépù wọn nǹkan kan.

Mo tún ra òmíì, 4AB3C1B gan-an. Ọjọ́ tó dé, mo ta gìtá títí ìyàwó mi fi ní ṣé a ò ní sùn ni.

Àfi bí àbúrò mi ṣe wá lọ́jọ́ Sunday tó tú táǹkì tó kú. Wáyà tó tín-ín-rín bí irun ló já níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ó fi léèdì kán an, mítà ka 203. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u?" Mi ò dá a lóhùn.

Táǹkì mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹni tí amp ẹ̀ bá ń lo E, kó wá ra tèmi, àmọ́ mi ò ní gbọ́ "ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀" o.