Bí a ṣe ń pín ohun èlò sí ìsọ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ bi ni pé, "Ta ló ni ín?" Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ẹ gbàgbé olówó rẹ̀ ná, kí ẹ bi nǹkan méjì:

1. Bí ẹnì kan bá lò ó, ṣé ó ń dín kù fún ẹlòmíì?
2. Ṣé a lè dí ẹni tí kò sanwó lọ́nà, láìná ju owó tí a fẹ́ gbà lọ?

Kóńgò gàrí kan, bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì: ohun àdáni. Tẹlifíṣọ̀n onísanwó kì í dín kù bí ará ilé kejì ṣe ń wò ó, àmọ́ tí owó oṣù bá tán, wọ́n á tì í pa: ohun ẹgbẹ́. Ẹja inú ọ̀sà Èkó, èyí tí apẹja kan bá kó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ta ni yóò mọ odi yí ọ̀sà ká? Ohun àjọlò nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ sí méjèèjì ni ohun gbogbogbò, èyí tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Paul Samuelson ṣàlàyé lọ́dún 1954. Ẹ wo iná òpópónà. Ẹni tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò gbé ìmọ́lẹ̀ lọ mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ dá òkùnkùn lé onílé tí kò dáwó nìkan lórí. Ìdí nìyẹn tí owó àdájọ fún un kì í fi í pé.

Ẹ kọ wákàtí sílẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Wọn kì í gba owó ibodè lórí afárá Third Mainland. Ní aago 3 òru, ọkọ̀ kan sí i kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ohun gbogbogbò ni. Ní aago 7 àárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé ló ń fa ọwọ́ èyí tó wà lẹ́yìn sẹ́yìn. Afárá kan náà ti di ohun àjọlò.

Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ìjọba ńkọ́? Ohun àdáni ni. Aláìsàn kan ló ń gbà á, wọ́n sì lè sọ fún ẹni tó kàn pé kò sí àyè.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé ohun àjọlò kò lè ní òfin. Elinor Ostrom, onímọ̀ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2009, fi èyí hàn dáadáa. Ní abúlé Törbel ní Switzerland, òfin ọdún 1517 ní kí ará ìlú má kó màlúù lọ jẹko lórí òkè ju iye tí ó lè bọ́ nígbà òtútù lọ. Ẹni tó bá kọjá iye rẹ̀ á san ìtanràn, ìdajì owó náà sì jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ́ pápá.