Ẹ má kàn máa já fláàṣì yọ o

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Unilorin tẹ́ ẹ máa ń gbé project lọ tẹ̀ ní Tanke, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa já fláàṣì yọ lára kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mò ń ṣe tèmi, mo kọ́pì ẹ̀ sínú fláàṣì tán, kọ̀ǹpútà ní ó ti wọlé, mo já a yọ fàú, mo wọ kórópe, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, fáìlì ò ṣí. Orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ o, àmọ́ inú ẹ̀ ti bàjẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni supervisor fẹ́ gbà á.

Ohun tó máa ń fà á ni pé kọ̀ǹpútà lè kọ́kọ́ kó nǹkan sínú RAM tiẹ̀, ìyẹn ibi tó máa ń kó nǹkan sí fúngbà díẹ̀, kó ti sọ fún yín pé òun parí, kó tó wá máa rọ́ ọ sínú fláàṣì díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá já a lásìkò yẹn, èyí tó kù ò dé ibẹ̀ mọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń lo Eject. Ẹ lọ sí This PC, ẹ right-click fláàṣì yẹn, ẹ tẹ Eject, ẹ dúró kó ní ẹ lè yọ ọ́, tó bá sì ní iná kékeré lára, ẹ jẹ́ kó má ṣẹ́jú mọ́.

Kò sí nǹkan tó ń yí nínú fláàṣì bíi ti CD, ṣípù ni, àwọn yàrá tín-ín-tìn-tín ló wà nínú ẹ̀ tó ń há iná mànàmáná mọ́nú, ìyẹn ni ò fi nílò iná láti fi rántí nǹkan. Àmọ́ àwọn yàrá yẹn máa ń gbó tá a bá ń kọ tá a ń pa rẹ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ yín wà, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí email yín.

Tẹ́ ẹ bá wá ti business centre dé tí gbogbo fọ́dà di shortcut, ẹ má tẹ shortcut yẹn, ẹ má sì tíì format fláàṣì, ìyẹn kẹ́ ẹ pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́! Fáírọ́ọ̀sì ló fi àwọn fọ́dà yín pamọ́, wọn ò tíì lọ. Ẹ fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ ṣí cmd, ìyẹn ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ F ni lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún fláàṣì yín, ẹ tẹ èyí:

attrib -h -r -s /s /d F:\*.*

Ẹ tẹ Enter. Wọ́n á jáde padà, kẹ́ ẹ wá pa àwọn shortcut yẹn rẹ́.