Bí mo ṣe to oògùn gìrì, oògùn tó ń dẹ iṣan àti abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tipiri sórí páálí kan

Ọjọ́ 11 ló kù kí n jókòó ìdánwò ìmọ̀ oògùn nígbà tí mo rí i pé mo kàn ń tan ara mi jẹ ni. Mo ti há orúkọ sórí bí ẹni ń ké ewì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a dàrú. Carbamazepine ti gìrì, cisatracurium tó ń dẹ iṣan, chloroprocaine tó ń mú ara kú tipiri: létí mi, bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ń dún, bẹ́ẹ̀ ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo pa ìwé dé. Mo mú páálí funfun ńlá kan, mo ya ọ̀nà tí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ń gbà, gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, títí dé iṣan tó ń gbé apá. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún ara mi: oògùn tí n kò bá lè nàka sí ilẹ̀kùn tó ń tì tàbí tó ń ṣí, n kò ní kọ orúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn sodium ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí sodium, èròjà inú iyọ̀, ń gbà wọlé. Bí sodium kò bá rọ́nà wọ inú iṣan ìmọ̀lára, iṣẹ́ kò lè rìn. Ohun tí n kò fọkàn sí tẹ́lẹ̀ ni pé láti inú ni lidocaine, abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tipiri, ti ń ti ilẹ̀kùn náà. Kó tó lè la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, kò gbọdọ̀ gbé iná mọ̀nàmọ́ná kankan dání. Ó di inú kó tó gbé e. Ibi tó ti gba ọyún ní ásíìdì púpọ̀, ásíìdì yìí á sì ti gbé iná lé oògùn lọ́wọ́ láti ìta, ni ó bá há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ náà fi ń jáni kulẹ̀ lórí eyín tó ti kẹ̀.

Ìṣirò ló gbé mi ṣubú. Ẹni tó wúwo tó 60 kg kò gbọdọ̀ gba lidocaine ju 4.5 mg fún kg kọ̀ọ̀kan lọ bí adrenaline kò bá sí nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ 270 mg. Mo ka lidocaine 1% sí 1 mg nínú mL kan, mo bá kọ 270 mL sílẹ̀ láìmira! 10 mg ló wà níbẹ̀. 27 mL ni ìdáhùn. Mo fi bírò pupa yí i ká, n kò sì pa á rẹ́.

Phenytoin, oògùn gìrì, náà ń ti ilẹ̀kùn sodium, pàápàá èyí tó ń ṣí léraléra bí ìgbà tí gìrì bá dé. Wàhálà rẹ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀, nítorí ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ọ tètè kún. Àpẹẹrẹ inú ìwé mi ní ẹ̀dọ̀ tí agbára rẹ̀ kò lè ju 500 mg lọ lóòjọ́, pẹ̀lú Km 4 mg/L, ìyẹn ìwọ̀n oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ́ńsáìmù náà fi ń lo ìdajì agbára rẹ̀. 300 mg lóòjọ́ fún mi ní 6 mg/L nínú ẹ̀jẹ̀. 400 mg fún mi ní 16. 450 mg, tí kò ju 50 lé lọ, gbé e dé 36. Láàárín 10 sí 20 ni a sì ń wá. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún un ṣe, torí mo rò pé mo ṣì í.

Àwọn oògùn gìrì tó kù yá: ethosuximide ń ti ilẹ̀kùn calcium oríṣi T, levetiracetam ń dì mọ́ SV2A, purotéènì kan lára àpò tí sẹ́ẹ̀lì ń kó iṣẹ́ sí, diazepam sì ń ran GABA lọ́wọ́, èròjà tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ páálí, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti ń fi iṣẹ́ lé iṣan ara lọ́wọ́, ni àwọn oògùn tó ń dẹ iṣan wà: suxamethonium ń ṣílẹ̀kùn, ó sì jókòó tì í. Rocuronium kàn ń dínà ni. Baclofen kò sí níbẹ̀ rárá, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà, bẹ́ẹ̀ "oògùn tó ń dẹ iṣan" ni wọ́n pe gbogbo wọn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1947, dókítà Scott Smith gbà kí wọ́n fi tubocurarine, tó ń dínà bíi rocuronium, dá gbogbo ara òun dúró. Kò lè mira, kò lè mí fúnra rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ara sì ń dùn ún. Láti ìgbà tí mo ti kà á, n kò tún ṣi àwọn oògùn yìí mú fún oògùn oorun mọ́.

Ohun kan ta kókó: bí lidocaine bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, gìrì ló ń dá sílẹ̀. Báwo ni oògùn tó ń ti ilẹ̀kùn kan náà pẹ̀lú phenytoin ṣe ń fa gìrì? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kó ọpọlọ níjàánu ló kọ́kọ́ ń dákẹ́, ìyókù á wá máa sáré kiri. Benzodiazepine, ìdílé diazepam, la fi ń dá gìrì náà dúró, òróró abẹ́rẹ́ 20% sì ni fún májèlé ọ̀hún fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fún aláìsàn yìí ní rocuronium kí wọ́n lè ki ọ̀pá sí i lọ́fun, apá àti ẹsẹ̀ á rọ̀, gbogbo èèyàn á mí kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gìrì lè ṣì máa lọ nínú ọpọlọ. Ẹ̀rọ EEG, tó ń ka iná mọ̀nàmọ́ná inú ọpọlọ, nìkan ló lè sọ. Mo fa ìlà láti ìsàlẹ̀ páálí padà sókè, ìlà kan ṣoṣo tó kan oríṣi oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Valproate, oògùn gìrì mìíràn, nìkan ni n kò rí ojúlé fún. Ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tó pọ̀ jù, ó sì léwu fún ọmọ inú oyún. Etí páálí ni mo kọ ọ́ sí, ibẹ̀ ló sì wà títí mo fi ká páálí náà.